Orin Tí Ilé Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, tí atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ wọ àdúgbò, ìlú Lomé a máa kún fún orin. Ní ilé kan, orin ìjọ ni. Ní ilé kejì, orin àwọn ọ̀dọ́ ni, tí ó ń ti inú tẹlifóònù jáde. Ṣùgbọ́n ní ilé àwọn Yorùbá kan, ohùn àtijọ́ ni yóò máa ti inú kásẹ́ẹ̀tì jáde: ohùn Hárúnà Ìṣọ̀lá, ti I. K. Dáíró, tàbí ti Ebenezer Obey. Nígbà náà ni ìyá tí ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ yóò dúró díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àwo, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá béèrè pé, "Màmá, kí ló dé?", yóò dáhùn pé, "Kò sí nǹkan. Orin bàbá yín ni."

Ìdáhùn náà kúrú, ṣùgbọ́n ìtàn gígùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe bàbá náà ni ó kọ orin náà. Ó ṣeé ṣe kí ó má rí olórin náà sójú rí. Síbẹ̀, orin náà ti di tirẹ̀. Òun ni ó máa ń fi í sínú ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ kí ó tó lọ ṣí ìsọ̀. Òun ni ó jó sí i ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí. Nígbà tí bàbá kú, orin náà kò kú. Ó wà nínú ilé bí àga tí bàbá máa ń jókòó lé.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó béèrè ọ̀rọ̀ kò mọ gbogbo èyí. Bí ìyá kò bá sọ ọ́, ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ kò bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ ọmọ kò ní gbọ́ ọ rárá. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí olúkúlùkù ilé gbé yẹ̀ wò nìyí. Ní ayé òde òní, orin kì í tètè parun. Ìrántí tí ó so mọ́ orin ni ó ń parun, ó sì lè parun ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n bá pa ojú dé.

Àkísà àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti orin, ọmọdé òde òní ti ní aṣọ ju àgbà lọ. Tẹlifóònù kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin. Bí ọmọ bá fẹ́ orin Nàìjíríà, ti Kóńgò, ti Jàmáíkà tàbí ti Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú kan ti tó fún un. Ṣùgbọ́n àkísà ni kò tíì ní. Àkísà ni orin tí ó ti gbó mọ́ ènìyàn lára, tí ó ti bá a dé ibi ayọ̀, tí ó sì ti bá a dé ibi ọ̀fọ̀.

Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ìrántí ti kíyè sí ohun kan. Bí ènìyàn bá dàgbà, ohun tí ojú rẹ̀ rí láàrin nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 wà lára ohun tí ó máa ń rántí jù. Àkókò yẹn ni ènìyàn ń bàlágà, tí ó ń kọ́ṣẹ́, tí ó ń gbéyàwó tàbí tí ó ń lọ sílé ọkọ, tí ó sì ń bí ọmọ. Orin tí ó gbilẹ̀ nígbà náà a máa bá àwọn nǹkan wọ̀nyí wọ inú ọkàn rẹ̀. Wọ́n tún ti rí i pé àwọn àgbàlagbà kan tí àrùn ìgbàgbé ti mú, tí orúkọ ọmọ wọn pàápàá ń sọnù lẹ́nu wọn, ṣì lè kọ orin ìgbà èwe wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn Yorùbá ti mọ agbára yìí kí ìwádìí tó dé. Lára orin tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ ń gbọ́ ni oríkì rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ìyá tàbí ìyá àgbà yóò kì í: Àjọkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àkànní, Àlàbí. Lẹ́yìn orúkọ náà ni oríkì orílẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, èyí tí ó ń sọ ìlú tí baba ńlá ti ṣí wá àti ohun tí a fi mọ ìdílé náà. Ọmọ náà kò tíì lè ka ìwé, ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé rẹ̀ ti wọ etí rẹ̀.

Orúkọ tí ó wà nínú orin

Àwọn olórin Yorùbá kò fi àṣà yìí sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dé. Nínú orin àpàlà, sákárà, jùjú àti fújì, olórin a máa dárúkọ àwọn ènìyàn: ọba, oníṣòwò, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́. A máa sọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́ àti ìlú tí wọ́n ti wá. Nítorí náà, àwo kan náà lè jẹ́ orin ijó lásán fún ará ìta, kí ó sì jẹ́ ìwé ìtàn fún ìdílé kan.

Ìtàn Hárúnà Ìṣọ̀lá fi èyí hàn. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìlú rẹ̀, orin àpàlà ni ó sì sọ ọ́ di olókìkí. Ní ọdún 1948, ó ṣe àwo kan nípa Orímolúsì, ọba Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, wọ́n tún gbé orin náà jáde, àwọn ènìyàn sì rà á gan-an. Ọba kan náà ni wọ́n kọrin nípa rẹ̀. Àwọn tí ń gbọ́ orin ni wọ́n yàtọ̀: wọ́n ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ rántí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ilé. Orin tí ọmọ kò kà sí nígbà tí bàbá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lè di ohun iyebíye fún un lẹ́yìn tí bàbá ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bàbá kò sí mọ́ láti sọ ẹni tí olórin dárúkọ, tàbí ìdí tí òun fi fẹ́ràn orin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà náà.

Dò, rè, mí

Ìdí pàtàkì kan wà tí orin fi ń di ọ̀rọ̀ Yorùbá mú ṣinṣin. Ohùn mẹ́ta ni èdè náà ní: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí ń kọ́ ìwé, olùkọ́ a máa fi dò, rè, mí ṣàlàyé wọn. Ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ. Ohùn ni ó ya ọkọ̀ tí ń rin títì sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, àti kúrò lára ọkọ tí ó gbé obìnrin níyàwó. Nínú orin Yorùbá tí ó dára, orin a máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rántí orin náà ti rántí ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ kí wọ́n pè é.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ohùn rẹ̀ yí padà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì dàrú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó wá orin tí ó bá ohùn èdè mu. Ní àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú ní ọdún 1930. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n bí ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Fẹlá kò rí bàbá rẹ̀ àgbà rí, ṣùgbọ́n ohùn àgbà náà wà lórí àwo ṣáájú kí wọ́n tó bí i. Fẹ́mi ọmọ Fẹlá di olórin. Mádé ọmọ Fẹ́mi náà di olórin. Ilé tí ó bá pa ohùn mọ́ lè bá ìran tí kò tíì dé sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà etí òkun

Ní Lomé, iṣẹ́ pípa ohùn mọ́ yìí le díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ilé àwọn tí wọ́n ti rìn jìnnà. Orúkọ Anagokomé, àdúgbò kan ní àárín ìlú, jẹ́ ẹ̀rí: Anago ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Yorùbá, komé sì túmọ̀ sí àdúgbò ní èdè Ewe. Ní ìhà àríwá, ní Atakpamé, àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana ń sọ èdè tí ó bá Yorùbá tan, wọ́n sì ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti wá. Láti Èkó dé Accra, ọ̀nà etí òkun ni àwọn oníṣòwò ń gbà, Lomé sì wà lójú ọ̀nà náà.

Ọ̀nà tí ọjà ń gbà ni orin náà ń gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1950, E. T. Mensah, ọ̀gá orin háíláìfù ní Accra, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré ní Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ olórin Èkó gbọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ lára rẹ̀. Victor Ọláìyá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn méjèèjì jọ ṣe àwo kan pọ̀. Ènìyàn nílò ìwé ìrìnnà ní ẹnubodè, ṣùgbọ́n orin kò nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, tí Kofi Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn kan ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn mìíràn kò mọ ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn. Wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ìlà-oòrùn. Ní Aflao ni ọ̀nà etí òkun ti jáde kúrò ní Gánà. Lomé ni ìlú tí ó kọ́kọ́ kàn.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà náà ti lé ní 70 ọdún lónìí. Bí irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ orin tí wọ́n ń lù ní Kumasi ṣáájú ọdún yẹn, kì í ṣe ijó nìkan ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ó lè rántí ìsọ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí kò sì padà ṣí mọ́. Ó lè rántí aládùúgbò tí ó bá a gbé ẹrù dé ìdí ọkọ̀. Ọmọ lè rò pé ìyá òun kò fẹ́ràn orin náà ni, nítorí pé ó máa ń ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Bí ó bá fi sùúrù béèrè, ó lè gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ìyá bá sì ní òun kò fẹ́ sọ ọ́, kí ọmọ má fi ipá mú un. Kì í ṣe gbogbo ìrántí ni ó dùn, ṣùgbọ́n èyí tí kò dùn náà jẹ́ ogún ìdílé.

Ohùn Bella Bellow

Orin ìdílé kì í ṣe orin Yorùbá nìkan. Ní Lomé, Yorùbá ń fẹ́ Ewe, Mínà ń fẹ́ Yorùbá, wọ́n sì jọ ń gbé agbolé. Nítorí náà, orin Bella Bellow lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin àpàlà nínú àpótí kan náà.

Ní Tsévié, ìlú kan ní àríwá Lomé, ni wọ́n ti bí Bella Bellow ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1945. Ní ọdún 1966, ó kọrin ní Dakar, níbi àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú. Òkìkí rẹ̀ kàn kọjá ilẹ̀ Tógò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1973, ìjàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 29.

Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà. Òun náà dàgbà, ó sì di olórin tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2018, àwọn olórí orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí Paris láti rántí pé ó pé 100 ọdún tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Kidjo dìde láti kọrin fún ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n wá láti Áfíríkà. Ó lè yan orin tirẹ̀, ṣùgbọ́n *Blewu* ni ó yàn, orin Bella Bellow. Blewu túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọdún 45 ti kọjá lẹ́yìn ikú olórin náà, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti pa orin rẹ̀ mọ́ sínú ọkàn.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó gbé ìbéèrè kan dìde. Ayé ní àwo Bella Bellow lọ́wọ́. Ta ni yóò pa orin ìyá àgbà mọ́, èyí tí kò sí lórí àwo kankan? Orin tí ó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ńkọ́? Orin tí ó fi ń ké sí ìbejì ńkọ́? Orin tí ó kọ nígbà tí ó ń sin ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ ńkọ́? Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò wá gba àwọn wọ̀nyí sílẹ̀. Ẹ̀nu rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ náà kan èdè pẹ̀lú. Ọmọ Yorùbá ní Lomé ń kọ́ Faransé ní ilé ìwé, ó sì ń sọ Mínà ní òde àti ní ọjà. Nígbà tí ìjọba Tógò ṣe àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1975, Ewe àti Kabiyè ni èdè méjì tí wọ́n yàn fún ilé ìwé. Nítorí náà, ilé ni ilé ìwé Yorùbá. Bí orin bá dákẹ́ nínú ilé, ọ̀rọ̀ púpọ̀ yóò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ jókòó kọ́ Yorùbá lè kọ́ orin ìyá àgbà láìmọ̀ pé èdè ni òun ń kọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkúta

Ní ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips kọ́kọ́ gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde. Ó mú kí gbígba ohùn sílẹ̀ rọrùn fún àwọn tí kò lówó púpọ̀. Ìdílé lè gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ tí ó wà ní òkèèrè lè fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá tí kò lè ka lẹ́tà, ìyá náà sì lè fi ohùn tirẹ̀ dá a lóhùn. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àti lábẹ́ ibùsùn ní ilé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òkúta. Ọ̀já rọ́bà tín-ín-rín ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan lẹ́búlẹ́bú bí irin kùn. Lẹ́búlẹ́bú náà ni ó di ohùn mú. Ooru, eruku àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀, ìlú etí òkun bíi Lomé kò sì ṣaláìní wọn. Ẹni tí ó bá ní kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn ìdílé wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í sínú oòrùn tàbí sínú ọkọ̀. Kí ó wá ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ó kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn dán ẹ̀rọ náà wò, kí ẹ̀rọ má baà já ọ̀já tí kò ní ìrọ́pò. Lẹ́yìn náà, kí ó gbé tẹlifóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ní yàrá tí ó pa rọ́rọ́, kí ó sì gba ohùn náà sínú rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó, nítorí pé tẹlifóònù náà a máa sọnù.

Ohun tí àwọn kan ń sọ

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ìdí fún wàhálà, nítorí pé orin àtijọ́ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹni tí ó ra àwo náà nínú ilé. Kò mọ ìdí tí omi fi ń bọ́ lójú ìyá bí orin bá dé ibì kan. Ẹni tí ó rí orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti rí aṣọ. Kò tíì rí àkísà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹ̀sìn àwọn kò fàyè gba irú orin bàbá àwọn, nítorí náà àwọn ti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Olúkúlùkù ni ó ni ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ ìtàn bàbá sílẹ̀ yàtọ̀ sí jíjó sí orin rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ pa kásẹ́ẹ̀tì mọ́ lè kọ orúkọ àwọn àgbà tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbé e dànù. Kò sí ẹ̀sìn tí ó ní kí ọmọ gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n rò pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni èyí. Ọ̀mọ̀wé lè kọ ìtàn àpàlà, ó sì lè kọ ìtàn jùjú. Ṣùgbọ́n kò lè mọ orin tí wọ́n kọ ní agbolé kan ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ìbejì. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Ìwé kékeré kan àti bíró kan

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé ní àwíjàre. Orí nìkan ni ó ní láti fi pa nǹkan mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti kà àti láti kọ Yorùbá kò ní àwíjàre náà mọ́. Ó ti lè kọ orúkọ. Ó ti lè fi àmì ohùn sí i. Kò nílò ìwé ńlá. Ìwé kékeré kan àti bíró kan ti tó.

Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó ti àgbà kan nínú ilé fún ìdajì wákàtí. Kí ó ní kí àgbà náà yan orin kan tí ó fẹ́ràn jù lọ. Kí ó kọ orúkọ orin náà àti orúkọ olórin. Bí kò bá sí lórí àwo, kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà bí àgbà náà ti kọ ọ́ lórin. Kí ó béèrè ibi tí ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, àti ìdí tí kò fi gbàgbé rẹ̀. Ní ìparí, kí ó kọ orúkọ àgbà náà àti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Bí àgbà kò bá mọ ọdún, kí wọ́n fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ wá a. Ṣé ṣáájú òmìnira Tógò ni, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ṣáájú ọdún 1969 ni, nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà? Ṣé ṣáájú oṣù kìíní ọdún 1994 ni, nígbà tí wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì? Ṣé ṣáájú kí iná tó jó ọjà ńlá Lomé ní oṣù kìíní ọdún 2013 ni? Àgbà tí kò mọ òǹkà ọdún mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa.

Orin kan ní ọ̀sẹ̀ kan kò pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni. Bí ọdún bá fi yípo, ilé náà yóò ní orin tí ó lé ní 50 nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ, ìlú àti ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ wọn. Ogún tí kò ṣeé jà sí ni. Gbogbo ọmọ ni ó lè gba ẹ̀dà tirẹ̀, kò sì ní dín kù.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, orin àtijọ́ yóò tún dún ní ilé kan ní Lomé. Ìyá yóò tún dúró díẹ̀ nídìí ẹ̀wà tí ó ń ṣà. Yóò tún sọ pé, "Orin bàbá yín ni." Kí ọmọ náà má kàn mi orí kí ó sì kọjá lọ. Kí ó mú ìwé, kí ó jókòó tì í, kí ó sì béèrè pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni bàbá kọ́kọ́ mú un wálé?"